Màmá Dúródíẹ̀ àti Kọ̀ǹpútà Oníhò Kan

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Màmá Dúródíẹ̀ jẹ́, kó kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tó ṣe nígbà èwe rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ló ti ṣiṣẹ́, láyé ìgbà tí èèyàn kì í tẹ nọ́ńbà fúnra rẹ̀ tó bá fẹ́ bá ará ìlú mìíràn sọ̀rọ̀. Wàá gbé fóònù, ohùn obìnrin kan á dá ọ lóhùn, wàá sọ ẹni tí ò ń wá, òun á ní, “Ẹ dúró díẹ̀,” á sì so wáyà tìrẹ mọ́ ti onítọ̀hún. Òun ni obìnrin náà. Ó sọ “ẹ dúró díẹ̀” títí ó fi di orúkọ mọ́ ọn lára, débi pé àwọn àna rẹ̀ pàápàá gbàgbé èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Òfin iṣẹ́ náà ni pé bí wọ́n bá ti so wáyà pọ̀ tán, kí wọ́n yọ etí wọn kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́, ta ló ń yọ ọ́? Màmá Dúródíẹ̀ gbọ́ ọkọ tó ń sọ fún ìyàwó pé ibi iṣẹ́ lòun wà, nígbà tí òun tó so wáyà náà mọ̀ dájú pé kì í ṣe ibi iṣẹ́ ni wáyà ti wá. Ó gbọ́ ẹni tó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ àtàtà, tó sọ fóònù kalẹ̀, tó sì ní kí wọ́n so òun mọ́ ẹlòmíràn kí òun lè fi ọ̀rẹ́ àtàtà náà ṣẹ̀sín. Nínú gbogbo èyí, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló mú kúrò níbẹ̀: ohun tí èèyàn bá sọ lójú ẹni, aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ ni, èyí tó sọ nígbà tó rò pé kò sí ẹnì kankan lórí ìlà, òun ni òótọ́ inú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Màmá Dúródíẹ̀ ti ń lo oògùn náà kó tó dàgbà, kò sì fo ọjọ́ kan rí.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ omi, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ò sì jìnnà sílé, ìdí nìyí tó fi máa ń wá jẹun nílé ní ọ̀sán. Àránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan tó ń lọ sílé ìwé. Ilé náà kò tóbi: pálọ̀ wà níwájú, yàrá tọkọtaya wà lápá ọ̀tún, yàrá Màmá wà lẹ́yìn, àárín wọn sì ni yàrá ìjẹun, níbi tí tábìlì àti máṣíìnì ìránṣọ ìyàwó jọ ń du àyè. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ ibikíbi nínú ilé náà gbọ́dọ̀ gba yàrá ìjẹun kọjá.

Màmá kò jókòó lásán níbẹ̀. Ohùn tó fi ń so wáyà láyé àtijọ́ ṣì wà lọ́fun rẹ̀, ilé ìkàwé kan tó wà fún àwọn tí kò ríran sì gbà á kó máa bá wọn ka ìwé sórí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ náà ò sọni dolówó, ṣùgbọ́n Màmá mọyì rẹ̀ ju ohun tó ń rí gbà níbẹ̀ lọ, nítorí pé ó jẹ́ kó rí ohun tí yóò sọ bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló ń ṣe nílé ọmọ rẹ̀. Ó ní máíkì tirẹ̀, èyí tí ilé ìkàwé fún un, ó sì ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tó ti gbó, tó ní ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́: pupa fún máíkì, àwọ̀ ewé fún íyápíìsì. Ìyẹn yé e. Pupa ni ẹnu, àwọ̀ ewé ni etí.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà ló kú. Ọmọ rẹ̀ ra tuntun fún un, pẹlẹbẹ bí tíréè, ihò kan ṣoṣo ló sì wà lára rẹ̀. Màmá yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wò ó lábẹ́ bí ẹni ń wá ọgbẹ́ lára ọmọ. Níbo ni ihò kejì wà? Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní wọn kì í ṣe é ní méjì mọ́, wọ́n ti pa méjèèjì pọ̀ sójú kan. Màmá dúpẹ́, ó sì gbàdúrà fún un. Àmọ́ nígbà tó dé yàrá rẹ̀, ó bi ara rẹ̀ pé ẹ̀rọ tí ẹnu rẹ̀ àti etí rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, irú ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n fẹ́ kó máa sọ. Ó gé pílásítà, ó fi bo ojú kékeré tó wà lókè ẹ̀rọ náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa wo òun láti ibẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Kọ̀ǹpútà a máa kùn, bíi ti ológbò tó yó, máíkì sì ń gbọ́ kíkùn náà. Nítorí náà, ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀rọ nílé ìkàwé ti kọ́ ọ pé kó máa gbé kọ̀ǹpútà jìnnà sí máíkì. Orí tábìlì nínú yàrá ìjẹun ló ń gbé e sí. Á fa wáyà gígùn kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá rẹ̀, á tẹ ẹ̀rọ kó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, á wọlé, á tilẹ̀kùn, á jókòó sáàárín àwọn bùláńkẹ́ẹ̀tì tó fi kọ́ ògiri, á sì máa kàwé. Ọ̀sán ló máa ń kà á, nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá wà nílé ìwé. Ìyàwó a sì pa máṣíìnì rẹ̀ nítorí rẹ̀, á máa fi ọwọ́ ṣẹ́ etí aṣọ. Èyí pàápàá ń fu Màmá lára. Kí ni ìyàwó ń wá tó fi ń ṣe oore tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́?

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ki máíkì bọ ihò kan ṣoṣo náà, àwòrán íyápíìsì yọ lójú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan tí kò yé e. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni tí ọlọ́pàá ń dá dúró lójú ọ̀nà. Ìlà tó máa ń mì nígbà tí ohùn bá ń wọlé sì mì dáadáa. Ó gbìyànjú láti gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tó gbà, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ronú, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn: máíkì ló wà nínú ihò náà, ẹnu ló ń jẹ́ lọ́wọ́, kò lè tún jẹ́ etí. Kò yọ ọ́ kó tún gbọ́, torí pé bó ṣe fẹ́ràn láti gbọ́ ohùn gbogbo ayé tó, ó kórìíra àtigbọ́ tirẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀rọ ló ń bá a gbọ́ ọ.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ inú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí i nímú. Bó bá ti jáde sí yàrá ìjẹun, tọkọtaya á panu mọ́. Ọmọ rẹ̀ á ní, “Màmá, ẹ kú ìsinmi,” ojú rẹ̀ á sì wà lára ògiri. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, ìta ló ń lọ dá a lóhùn. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó kó páálí òfìfo wọlé, ó tò ó jọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì ní òun fẹ́ kó aṣọ oníbàárà sí i. Aṣọ oníbàárà wo ló tó páálí báyìí? Màmá ò béèrè. Ẹni tó ti fi ìdajì ayé rẹ̀ gbọ́ irọ́ lórí ìlà kì í béèrè, ńṣe ló ń gbọ́.

Ohun tó fi inú rò ni pé ìyàwó fẹ́ lé òun kúrò. Ó ti rí ibi tí wọ́n fẹ́ lé òun lọ pàápàá: ọ̀dọ̀ àbúrò òun obìnrin, ẹni tí kì í pa rédíò, tí kì í sì í pa ẹnu. Ó mọ̀ pé bí òun bá dé ibẹ̀, ibẹ̀ lòun máa kú sí, láìní yàrá tí ariwo ò wọ̀, láìní ìwé kíkà, láìní ọmọ-ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ bó bá ti rántí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyàwó bí wọ́n ṣe ń wo àlejò tó wọ ṣọ́ọ̀bù láìra nǹkan kan. Bí ìyàwó bá bu omi fún un, á gbóòórùn rẹ̀. Bí ìyàwó bá ní kó sinmi, á dìde. Ti ọmọ rẹ̀ kò sí nínú àníyàn náà rárá. Ọmọ òun kọ́? Ẹni tí òun bí, tí òun tọ́, tí òun mọ bí èémí rẹ̀ ṣe ń rí tó bá fẹ́ purọ́? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé, àmọ́ ojú Màmá ò sí lára ewé yẹn.

Nígbà tó parí ìwé tó ń kà, ó kó gbogbo rẹ̀ sórí fíláàṣì, ó sì gbé e lọ sílé ìkàwé. Kò pẹ́ sígbà náà tí ọ̀gá ẹ̀rọ pè é. Ọ̀gá náà jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ńṣe ló ń wá ọ̀rọ̀ sọ bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ó ní kí Màmá jọ̀ọ́ wá. Ó ní kò sí ìyọnu. Màmá mọ̀ pé ẹni tó bá ti ní kò sí ìyọnu, ó ti rí i.

Nígbà tó débẹ̀, ọ̀gá náà ti ilẹ̀kùn. Ó ní ohùn Màmá kò sí nínú ohun tó gbé wá. Ó wà níbẹ̀ o, àmọ́ bí ẹni tó ń kàwé nílé kejì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ohùn àwọn ẹlòmíràn, nínú yàrá tí wọ́n ti ń fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ. Màmá kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ti pààrọ̀ fíláàṣì òun. Lẹ́yìn náà ó rò pé ọ̀gá náà ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Ó bi í pé báwo ni ohun tó gbọ́ ṣe pọ̀ tó.

“Mo gbọ́ èyí tó tó láti mọ̀ pé kì í ṣe ti ilé ìkàwé, Màmá,” ni ọ̀gá náà wí. “Mo sì pa ẹ̀rọ.”

Màmá wo ojú rẹ̀, ó ń wá ibi tí irọ́ wà. Ọ̀gá náà mú orí wáyà máíkì rẹ̀, ó fi hàn án. Òrùka dúdú méjì ló wà lára irin orí rẹ̀. Ó mú òmíràn tó ní mẹ́ta. Ó ṣàlàyé pé ihò kan ṣoṣo tó wà lára kọ̀ǹpútà tuntun náà, onímẹ́ta ló ń retí, èyí tó so etí àti ẹnu pọ̀. Bí wọ́n bá ki oníméjì bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ á rò pé íyápíìsì lásán ni, á máa rọ ohùn sínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí Màmá ò fi gbọ́ nǹkan kan. Kò gbà pé máíkì ni. Bí kò sì ti rí máíkì, etí tirẹ̀ ló fi ń gbọ́, etí kékeré kan tó wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tí Màmá fi pílásítà bò. Láti ọjọ́ tó ti gbé e sórí tábìlì, yàrá ìjẹun ló ń gbọ́.

Ó fún un ní wáyà kékeré kan tó ní orí kan olórùka mẹ́ta níwájú, tó sì ní ihò méjì lẹ́yìn, ọ̀kan fún máíkì, ọ̀kan fún íyápíìsì. Màmá gbà á, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohun tó wà nínú fíláàṣì náà, kí òun lè mọ ibi tí òun á ti tún un kà. Irọ́ ni. Ọ̀gá náà mọ̀ pé irọ́ ni, ó fi íyápíìsì sílẹ̀ fún un, ó sì jáde.

Ó gbọ́ àga tí wọ́n wọ́ nílẹ̀. Ó gbọ́ sísọ́ọ̀sì tó ń gé aṣọ, ó gbọ́ ìyàwó tó ń kọ orin kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó pẹ́ kó tó gbọ́ ilẹ̀kùn, àti ohùn ọmọ rẹ̀ tó wá jẹun ọ̀sán, tó ń béèrè bóyá Màmá ń kàwé. Ìyàwó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀gá ti fọwọ́ sí i, ipò tuntun ti bọ́ sí i, nílùú mìíràn, oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n sì ń retí òun. Ilé tí wọ́n fún òun níbẹ̀ kò ju yàrá méjì lọ. Kò sí bí Màmá ṣe lè bá wọn lọ. Òun ti bá àbúrò Màmá sọ̀rọ̀, àbúrò Màmá sì ti ní kò burú.

Ọmọ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìyàwó. Màmá tẹ ẹ̀rọ dúró, ó dá a padà, ó sì tún un gbọ́, bí ẹni tó ka owó tí kò pé. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́ yìí. Ó jẹ́ kó máa lọ.

“Dádì, ẹ lọ sọ fún wọn fúnra yín,” ni ìyàwó wí.

“Wọ́n á ní ìwọ lo fà á.”

“Wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.” Àga kan wọ́ nílẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ le, ó sì mọ́ gaara, bí ẹni tó sún mọ́ ẹ̀rọ. “Ibi tí Màmá ò bá lọ, èmi ò lọ. Mi ò ní ìyá mọ́. Wọ́n ń wo ọwọ́ mi bí ọwọ́ olè, mo mọ̀. Àmọ́ nígbà tí mo fẹ́ bímọ tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́ lára mi, ta ló jókòó tì mí? Mi ò ní fi wọ́n sílẹ̀.”

Màmá yọ íyápíìsì. Inú rẹ̀ bàjẹ́, inú rẹ̀ sì dùn, kò sì mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ gbà láyè. Ó jókòó síbẹ̀ títí ọ̀gá ẹ̀rọ fi kanlẹ̀kùn.

Bó ṣe ń rìn lọ sílé, kò rí ẹni tó kí i. Ó ti fura sí ẹni tí kò yẹ, ojú sì tì í. Àmọ́ ìfura kì í tán lára ẹni bí ìgbà tí wọ́n fi ọṣẹ wẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ẹnu ọ̀nà, ìbéèrè mìíràn ti wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ kan péré lòun gbọ́ yẹn. Kí ni wọ́n tún sọ lẹ́yìn náà? Kí ni wọ́n ń sọ lónìí? Wáyà kékeré náà wà nínú báàgì rẹ̀. Bó bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ohùn rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ á máa gbọ́, yàrá ìjẹun á sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kò so ó mọ́ ọn. Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì bó ṣe máa ń ṣe, ó ki orí olórùka méjì bọ ihò, ó tẹ̀ ẹ́, ó fa wáyà gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyàwó ń ṣẹ́ etí aṣọ lọ́wọ́. Ó kí i káàbọ̀. Màmá dáhùn láìwò ó lójú, ó wọlé, ó tilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé tó ti kà tán.

Kò tíì ka ojú ewé kan tán tí ìyàwó fi kanlẹ̀kùn. Kò dúró kí wọ́n ní kó wọlé.

“Màmá, ṣé wọn ò sọ fún yín nílé ìkàwé ni?”

“Wọ́n sọ kí ni fún mi?”

“Pé kì í ṣe ohùn yín ló ń wọ inú ẹ̀rọ yẹn. Tiwa ni.”

Màmá pa ìwé dé. Ó bi í pé ìgbà wo ló ti mọ̀. Ìyàwó dáhùn pé kò tíì pẹ́ tí kọ̀ǹpútà dé tí òun ti mọ̀. Ó ní òun sín lọ́jọ́ kan, ìlà ojú ẹ̀rọ náà sì fò sókè. Òun wá dákẹ́, òun ń gbọ́ ohùn Màmá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kedere, síbẹ̀ ìlà náà kò mì ju díẹ̀ lọ. Látìgbà náà ni òun ti mọ ohun tó ń gbọ́ àti ohun tí kò gbọ́.

Inú bí Màmá. Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn yẹn, ìyàwó mọ̀ pé ẹ̀rọ ń gba ohùn nígbà tó ń sọ ọ́. Ó sún mọ́ ẹ̀rọ kó tó sọ ọ́. Àti ọmọ òun, tí kò mọ nǹkan kan, tó ń tú inú rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀, òun ni ìyàwó rẹ̀ fà wọ inú pańpẹ́, kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́ ohun tó sọ kó sì kórìíra rẹ̀. Ó dìde. Ó ní, “O ta ọkọ rẹ fún mi.”

“Mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ fún yín, ìgbà tí mo bẹ̀ ẹ́ kò lóǹkà. Kò lè sọ ọ́.”

“Ìwọ ńkọ́? Ìwọ ò ní ẹnu?”

“Mo ní ẹnu, Màmá,” ni ìyàwó wí. Kò gbé ohùn sókè. “Ká ní mo wá jókòó síwájú yín níbí, mo ní mi ò ní fi yín sílẹ̀, ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́?”

Màmá yíjú sí àwọn bùláńkẹ́ẹ̀tì ara ògiri.

“Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ohun tí ẹ bá jí gbọ́ nìkan lẹ máa ń gbà gbọ́. Mo wá sọ ọ́ síbi tí ẹ ti lè jí i gbọ́.”

“Báwo ni mo ṣe máa wá mọ̀ pé kì í ṣe irọ́?”

“Ẹ ò lè mọ̀,” ni ìyàwó wí. “Bí gbogbo èèyàn ṣe ń bá ara wọn gbé nìyẹn.”

Ó jáde, kò sì ti ilẹ̀kùn. Màmá jókòó sáàárín àwọn bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń gbọ́ bó ṣe ń wọ́ àga. Gbogbo ọgbọ́n tó ti kó jọ láti ìgbà èwe rẹ̀, kò sí ọ̀kan tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ó lè sọ pé irọ́ ni, ẹnikẹ́ni ò ní lè já a ní koro. Ó lè sọ pé òótọ́ ni, kò sì ní lẹ́rìí. Ẹ̀rù bà á, nítorí ó rí i pé òun ni yóò yan èyí tó máa jẹ́.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ ti lọ ṣeré lọ́dọ̀ aládùúgbò, ìyàwó sì wà nídìí aṣọ. Màmá ló jókòó sídìí tábìlì, tòun ti kọ̀ǹpútà náà. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ fa àga kan. Ó ní òun gbọ́ nípa ipò tuntun, òun gbọ́ nípa yàrá méjì, òun sì gbọ́ nípa ọ̀dọ̀ àbúrò òun. Ọmọ náà yíjú sí ìyàwó rẹ̀ kíákíá, ojú rẹ̀ ti le.

“Má wò ó,” ni Màmá wí. “Kò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo gbé ẹ̀rọ yìí kalẹ̀ kó máa gba ohùn yín. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.”

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yẹn fi jẹ́ irọ́, ọmọ rẹ̀ sì gbà á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tiẹ̀ mi orí bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀ tipẹ́. Ìyẹn dun Màmá ju bó ṣe rò lọ. Ìyàwó di abẹ́rẹ́ mú, kò gún un bọ aṣọ.

“Ohun tí o sọ lẹ́yìn mi, mo ti gbọ́ ọ,” ni Màmá wí. “Wá sọ ọ́ lójú mi wàyí.”

Ọmọ náà fi ọwọ́ nu ojú. Nígbà tó sì máa sọ ọ́, Màmá ò bá ohun tó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ pàdé níbẹ̀.

“Yàrá mẹ́ta ni,” ló wí. “Ilé náà, yàrá mẹ́ta ni. Irọ́ ni mo pa fún ìyàwó mi. Àyè wà, Màmá. Ẹ̀yin ni mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ dé ibẹ̀. Ẹ ń ṣọ́ wa. Bí mo bá sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n nínú ilé tí mo ń san owó rẹ̀, etí yín ti wà níbẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo fẹ́ gbé ibì kan tí mo ti lè sọ̀rọ̀ bí èèyàn.”

Ìyàwó fi aṣọ sílẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ò sì lè wò ó. Àwọn méjèèjì á jọ yanjú ìyẹn nígbà tó bá yá. Ní ti Màmá, ó wá inú ohùn ọmọ rẹ̀ kiri bó ṣe máa ń wá ohùn àwọn oníbàárà rẹ̀ láyé ọjọ́un, ó ń wá ibi tí irọ́ sá pamọ́ sí. Kò rí i. Ẹyọ òótọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú gbogbo ọ̀ràn náà, ojúkojú ni wọ́n ti sọ ọ́ fún un. Ó dùn ún dé egungun. Ó rọra pa kọ̀ǹpútà náà dé.

“Yàrá kẹta yẹn,” ló wí, “ṣé ó nílẹ̀kùn?”

“Ó ní, Màmá.”

“Á jẹ́ pé èmi á máa tì í. Inú ibẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà yìí á wà lọ́dọ̀ mi, a ò ní gbé e síta mọ́. Bó bá ń kùn, kó máa kùn. Bí wọn ò bá fẹ́ ìwé tó ń kùn nílé ìkàwé, kí wọ́n wá ẹlòmíràn.”

Ọmọ rẹ̀ wo ọwọ́ Màmá lórí ẹ̀rọ náà, bí ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá kí òun gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ rárá.

“Oṣù tó ń bọ̀ la ó kó, Màmá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù yín.”